Omi Ògì fún Àwọn Ọmọ Ìṣáwùrú

Ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ dé ni wọ́n gbé mi lọ sí Àgọ́-Àrẹ láti lọ ṣe tíṣà. Mo mú ìyá mi dání. Ojú rẹ̀ ti fọ́, oúnjẹ kò sì wù ú mọ́ àfi ìṣáwùrú, ìgbín kékeré inú omi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣà lódò nígbà tó ṣì ríran. Bí ọyẹ́ bá sì ti dé, odò á fà, ìṣáwùrú á wọ́n. Mo bá ṣèlérí fún un pé n ó máa sin ìṣáwùrú nílé.

Ìyá àgbà kan nílé kejì ló ń sìn ín nínú ìkòkò, òun nìkan ló ń tà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó fún mi ní ẹyin rẹ̀, ó sì kọ́ mi pé bí ẹyin náà bá ti pamọ, kí n máa fún àwọn ọmọ náà ní èèrí ògì díẹ̀, kí n sì máa kán omi ògì tó ti kan sínú omi wọn, kí inú má baà máa run wọ́n.

Mo ṣe é. Láràárọ̀, n ó da omi ìkòkò nù, n ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ gbogbo ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀, n ó pọn omi tuntun sí i. Ìyá yẹn á jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, á máa wò mí.

"Tíṣà, ọwọ́ ẹ mọ́ o! Báyìí gan-an ni."

"Ẹ ṣé, mà."

Àwọn ọmọ náà kú tán. Ó tún fún mi ní ẹyin, àwọn ọmọ yẹn tún kú, n kò sì jẹ́ kí ìyá mi mọ̀. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo bá túbọ̀ ń fọ ìkòkò.

Lọ́jọ́ kan mo lọ dá asẹ́ tí mo yá lọ́wọ́ ìyá yẹn padà, mo bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń pààrọ̀ omi. Ìdajì péré ló dà nù. Kò fọwọ́ kan ara ìkòkò rárá.

"Ìyá, ẹ ò fọ̀ ọ́?"

"Kí n fọ kí ni? Ibi tó ń yọ̀ lára ìkòkò yẹn ni agbára omi kíkan ń gbé. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń lá a."

"Ẹ sì ń rí mi láràárọ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí gbogbo ilé bá ń sìn ín, ta ni ó ra tèmi?"

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ikú àwọn ọmọ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ìyìn àràárọ̀ yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù. Síbẹ̀, ìyá mi ò tíì jẹun, mo bá ra ìṣáwùrú lọ́wọ́ ìyá àgbà náà.

Mo sè é. Ìyá mi jẹ ẹ́, ó lá ìka rẹ̀, ó wá ń fọwọ́ wá orí mi.

"Àwọn tí ò ń sìn ti dàgbà nìyẹn! Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ mọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."