Alágbàfọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Gbé Ọmọ

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìdọ̀tí ló ń kóni nírìíra. Irọ́ ni. Obìnrin kan ń gbé inú ilé tí èmi náà ń gbé, iṣẹ́ àgbàfọ̀ ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìdọ̀tí ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ, kò sì fìgbà kan yí imú padà. Nígbà tí nǹkan máa wá kó o nírìíra, èèyàn ni. Èèyàn tó wẹ̀, tó fín lọ́fínńdà, tó wọ bàtà wọlé wá kí i.

Alágbàfọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é. Ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé epo, yàrá gbọọrọ kan tí ooru ibẹ̀ tó láti se ẹyin. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo aṣọ ti ń kọ́kọ́ kọjá. Á gbé aṣọ sókè síbi tí iná wà, á wo ọrùn rẹ̀, á wo abíyá, á ní, “Èyí ọbẹ̀ ni. Èyí ẹ̀jẹ̀ ni. Èyí, ẹ má sọ ohun tó jẹ́ fún mi, ẹ ṣáà gbé e sínú omi.” Bó ṣe rí níbi iṣẹ́ náà ló rí nílé. Bí ọmọ bá da tíì sílẹ̀, kí ife tó yí dé ìdí ògiri, ó ti fi aṣọ nù ún. Kò lè rí àbàwọ́n kó mójú kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ á ti débẹ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀ pé ó débẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ìgbà tí ọ̀nà bá sì fẹ́ ló ń wálé. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Èyí àgbà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, Ṣọ́jà là ń pè é nítorí kì í rìn, yíyan ló máa ń yan. Èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni, ó rí roboto, ó wúwo bí aṣọ tó mu omi, Bọ́ọ̀lù lorúkọ tí a sọ ọ́.

Yàrá mi kọjú sí tiwọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín wa há débi pé bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, èmi gbọ́dọ̀ ti tèmi díẹ̀. Iṣẹ́ olùtọ́jú ọjà ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀, ìbàdí mi sì ti bàjẹ́, ọ̀pá ni mo fi ń rìn. N kò lè gbé ọmọ, àmọ́ Ṣọ́jà máa ń jókòó tì mí. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni bisikíìtì, kì í sì í dúnàádúrà.

Inú ríro ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, pàápàá bó bá jẹ ohun tó lọ́ràá. Alágbàfọ̀ á tẹ̀ mọ́ tábìlì tó ti ń lọ aṣọ, á di etí tábìlì náà mú títí á fi rọlẹ̀. Ó ní ọgbẹ́ inú ni, ó ń ra oògùn kiri. Ìgbà tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí epo ló tó lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní òkúta ti kún inú àpò òróòro rẹ̀, àfi kí wọ́n yọ àpò náà kúrò. Wọ́n sì yọ ọ́. Wọn ò la inú gbàgà bíi ti ayé àtijọ́. Ihò kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n lu, èyí tó wà nídìí ìdodo ni wọ́n gbà fa àpò náà jáde. Nígbà tó ti ọsibítù dé, ó ń rìn bí ẹni tó há ẹyin sábíyá. Dókítà ní kó yàgò fún ọ̀rá, kí ojú egbò gbẹ, kó má sì gbé ohun tó bá wúwo ju kẹ́tùlù omi lọ títí oṣù kan ààbọ̀. Bọ́ọ̀lù ju kẹ́tùlù mẹ́ta lọ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń pè ní Àǹtí, ló wá ràn án lọ́wọ́. Ó gbé báàgì kan dé àti búrẹ́dì kan. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni kó rí ojú egbò. Alágbàfọ̀ ká bùláòsì rẹ̀ sókè. Pílásítà kéékèèké mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àǹtí wò ó, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sí ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyókù wà níbẹ̀.

“Èyí náà nìyí?”

“Òun ni, mà.”

“Iṣẹ́ abẹ! Ibo ni wọ́n wá gbà wọlé? Nígbà tí wọ́n là mí gbẹ̀bí, láti ibí dé ibí ni.” Ó fi ọwọ́ wọn inú ara rẹ̀ bíi télọ̀. “Kò pẹ́ rárá tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìlédìí.”

“Àǹtí, kódà èjìká ló ń dùn mí jù.”

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbà mí o! Inú ni wọ́n ṣe, èjìká ló ń dùn ún! Bó bá jẹ́ èjìká ni wọ́n ṣe, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ì bá máa ro ó!”

“Dókítà ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí mi nínú kí wọ́n lè ríran, òun ló gùnkè lọ síbẹ̀.”

“Afẹ́fẹ́? Ṣé o ti di táyà ni?”

Bó bá jẹ́ àìsàn ẹlòmíì ni, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ìrànlọ́wọ́ tán. Lójú àwọn èèyàn wa, egbò dà bíi rìsíìtì. Bí kò bá gùn tó, wọ́n á ní o ò ra nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n gbà pé ó tóbi ni àwọn òkúta náà. Ọsibítù kó wọn sínú ìgò kékeré kan fún un, kò sì fẹ́ rí wọn sójú. Àǹtí ló gbà á, tó gbé e ka orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, “Ẹ kú ewu o, Ọlọ́run á wò yín sàn,” gbólóhùn tó máa tẹ̀ lé e ni, “Ìgò náà dà?” Wọ́n á mì ín létí. Àwọn òkúta náà rí bí ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n yí mọ́ ẹrẹ̀. Ìṣojú mi ni obìnrin kan ṣí ìgò, tó dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, tó gbóòórùn wọn, tó sì fi ọwọ́ náà bu búrẹ́dì. Ó rí mi lára débi pé mo da tíì mi nù. Àǹtí wà lórí àga, ó ń ròyìn wọn bí adìyẹ tó yé ẹyin: “Ẹ wo èyí tó tóbi yẹn! Inú ìyàwó wa ló ti jáde o!”

Wọ́n gbé búrẹ́dì wá, wọ́n jẹ búrẹ́dì. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n mu ún, wọ́n to èèpo rẹ̀ sí apá àga. Bí n bá ní kí n ṣírò rẹ̀, ohun tí wọ́n gbé wá kò tó ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n jẹ kò sì tó ohun tí wọ́n dà sílẹ̀. Ta ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́? Ẹni tí wọ́n wá kí ni. Àbàwọ́n kò kúkú lè wà nílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ sinmi. Ìrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo tí Àǹtí ṣe ni pé ó dín ẹyin. Ẹyin náà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òróró. “Jẹ ẹ́, kí o lè lókun.” Alágbàfọ̀ rántí ohun tí dókítà wí, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, ó jẹ díẹ̀ fún àpọ́nlé. Ilé ìgbẹ́ ló wà títí ọ̀sán yẹn fi rọ̀, tó fi ìrọ̀rí tẹ inú, kí egbò má baà fà.

Ọkọ rẹ̀ pè lórí fóònù. “Ṣé Àǹtí wà níbẹ̀?”

“Wọ́n wà níbẹ̀.”

“Ọpẹ́ o. Ọkàn mi balẹ̀.”

Lóòótọ́ ni, Àǹtí wà níbẹ̀. Àga náà wà níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí àti àlejò méjì jókòó sí yàrá náà, Alágbàfọ̀ wà ní kíṣìnì tó ń se omi tíì wọn. Ṣọ́jà dìde lórí póò rẹ̀, ó kígbe pé, “Mo ti ṣe tán!” ó sì yan wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìdí rẹ̀ níhòòhò. Bí mo ṣe ń nùdí fún un ni mo wo òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti rá dé ìdí póò, ó ti dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ náà sì ń lọ sẹ́nu. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí i. Ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ sórí àga. Ọ̀kan di imú mú. Àǹtí fi ìka júwe rẹ̀.

“Háà! Ẹ wo ọmọ yìí! Ìyàwó! Ìyàwó o, ọmọ rẹ ti dé ibẹ̀ o!”

Èmi ń nawọ́ sí ọ̀pá mi nígbà tí Alágbàfọ̀ kọjá bí ẹni tí iná jó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ, ó wẹ̀ ẹ́, ó kó ìgbẹ́, ó nu ilẹ̀, ó ṣan aṣọ tó fi nù ún. Ó wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ bo ìdodo. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, bùláòsì rẹ̀ ti tutù.

“Bàbá,” ó pè mí jẹ́jẹ́, “ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá bá mi wò ó.”

Pílásítà ti ṣí. Ohun tó ń jáde lójú ihò náà rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, òórùn rẹ̀ kò sì jọ ti tíì. Àǹtí ní, “Ṣé kì í ṣe omi tó fi ń nulẹ̀ ló ta sí i lára?” Mo ránni sí takisí.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ le. Ó tẹ egbò náà títí ó fi mọ́, ó ki aṣọ funfun bọ inú rẹ̀.

“Ta ló gbé ọmọ?”

“Èmi ni, mà.”

“Ta ló wà nílé?”

“Èèyàn mẹ́ta, mà.”

Ó kọjú sí mi. “Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?” Mo gbé ọ̀pá mi sókè. Ó mi orí, ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. “Gbọ́. Bí ibí bá tún ṣí, ìfun lè gbabẹ̀ yọ. Ihò kékeré ò ní ṣe é mọ́, a máa là ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ta ló máa wá tọ́jú àwọn ọmọ náà?”

Nínú takisí tó ń gbé wa bọ̀ wálé, Alágbàfọ̀ kọjú sí mi. “Bàbá, ìṣojú wọn lọmọ ń gbé e sẹ́nu. Wọ́n ń wò ó.”

“Mo rí wọn.”

“Mo ti fọ aṣọ tí ìdin wà nínú rẹ̀ rí, kò kó mi nírìíra tó báyìí.”

“Ìyá Ṣọ́jà, wọ́n ti mọ̀ pé bí àwọn bá jókòó pẹ́ tó, ọwọ́ rẹ á ṣe é. Kí ló fẹ́ mú wọn dìde?”

“Tí n ò bá wá ṣe é ńkọ́?”

“Á rùn.”

Ó wo ìta fèrèsé. “Òórùn ò pààyàn,” ló sọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ fi hàn pé kò dá a lójú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí Àǹtí fi múra òde. Aṣọ funfun ló wọ̀, Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ̀ ọ́ fún un kó tó ṣàìsàn. Ó jókòó, ó ń dúró de ọkọ̀ tó máa wá gbé e. Bọ́ọ̀lù ti ń ṣu omi láti àárọ̀. Ìlédìí rẹ̀ kún, ó tú, ó sì ń rá káàkiri, ìlà kan ń tẹ̀ lé e nílẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn bọ̀ wá sídìí àga. Òórùn náà bá mi ní yàrá mi. Mo yọjú. Alágbàfọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí lórí inú. Mo rí i tó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, tó jókòó lé wọn lórí. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlà tó wà nílẹ̀ yẹn.

“Ìyàwó, ṣé o ò rí ọmọ rẹ ni?”

“Mo rí i, mà.”

“Kí lo wá ń wò?”

“Ẹ̀yin ni mò ń wò, mà.”

“Èmi bí báwo? Gbé ọmọ yìí o! Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi!”

“Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ gbé e, Àǹtí.”

“Lórí egbò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́?” Àǹtí gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé èkejì. “Bàbá, ẹ ò rí nǹkan! Ẹ bá mi sọ fún un!”

“Mo ń rí i,” ni mo wí. “Ọmọ yín ló ń bọ̀ wá kí yín.”

Bọ́ọ̀lù dé ibẹ̀, ó di etí aṣọ funfun náà mú, ó fẹ́ fi fa ara rẹ̀ dìde. Mo wo Alágbàfọ̀. Èjìká rẹ̀ mì. Mo rò pé ó máa dìde. Ó dijú, ó tẹ ìdí mọ́lẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń de àpótí tó kún àkúnjù.

Àǹtí pariwo, ó di ọmọ náà mú lábíyá, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀. Apá rẹ̀ wálẹ̀, ó tún fi agbára gbé e.

“Yéè! Kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ? Ó mà wúwo o!”

Bọ́ọ̀lù ń rẹ́rìn-ín, ó ń ta ẹsẹ̀, ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì ń ta sí aṣọ funfun.

“Ibo ni kí n gbé e gbà?” Àǹtí béèrè, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún.

Alágbàfọ̀ la ojú. Kò yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ itan.

“Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mà. Ẹ fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ. Aṣọ yín ńkọ́, omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣan án. Tẹ́ ẹ bá fi gbígbóná bẹ̀rẹ̀, kò ní jáde mọ́.”