Ọtí inú Kẹ́ẹ̀gì Sàmúsàmù

Fóònù ló kọ́ mi. Òyìnbó kan da júùsì ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú ike, ó fi ṣúgà sí i, ó fi yíìsì sí i, ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wáìnì ti dé. Mo ní, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn? Èmi tí mi ò kàwé kọjá JS3, mo ti di oníwáìnì lójú ara mi.

Mùsùlùmí ni gbogbo wa nínú agboolé wa l'Ólówógbowó, títí kan ológbò. Ọtí kì í wọlé wa. Bó bá tiẹ̀ wọlé, inú ikùn ẹnìkan ló máa ń wà.

Mi ò ní irú ike yẹn. Mo bá mú kẹ́ẹ̀gì funfun tí ìyá ìyá mi, Ìyá Àlájà, fi gbé omi Sàmúsàmù bọ̀ láti Mẹ́kà. Omi mímọ́ náà ti tán nínú ẹ̀ tipẹ́. Mo fọ̀ ọ́, mo po gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, mo fi bàlúùnù bo ẹnu ẹ̀, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí kò hó mọ́, mo yọ bàlúùnù, mo dá ìdérí ẹ̀ padà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti silẹ̀, òkè ẹ̀ mọ́ gaara. Mo ní kó sinmi díẹ̀ sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti ibi tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì n'Ígbóṣeré dé. Mo bá Ìyá Àlájà lórí ẹní, ife lọ́wọ́, ó ń fi wáìnì mi ra orúnkún.

"Ìwọ ọmọ yìí! O gbé Sàmúsàmù pa mọ́, orúnkún ń pa mí kú!"

"Ìyá Àlájà, ẹ ti mu ún?"

"Ife méjì. Bísímílàhì ni mo fi mu ún. Ó pọ́n díẹ̀, ó sì ń ta lẹ́nu. Mo ní bàráká nìyẹn. Wò ó!"

Ó dìde láì di ògiri mú, ó jó sọ́tùn-ún, ó jó sósì, mo sáré gbá a mú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ rọra o, orúnkún yín ti di ti ọmọge!"

"Dákẹ́ jàre. Ọkọ ẹ gan-an ò lè jó báyìí." Ó kọjú sí mi. "Lọ bu ú sí ìgò mẹ́ta. Mo fẹ́ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù mi lọ́la."

Ká ní kì í ṣe ti àsàlátù yẹn ni, mi ò bá dákẹ́. Mi ò ní purọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe Sàmúsàmù. Ọtí ni. Èmi ni mo pọn ọ́n."

"Ọtí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Obìnrin tó jẹ́ pé oògùn ikọ́ gan-an, ó máa bi oníkẹ́mísì bóyá ọtí wà níbẹ̀. Ó sunkún. Ó tún ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, torí ọtí ò tíì kúrò lójú ẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Èmi ò mọ̀," ó ní. "Ọlọ́run rí i pé mi ò mọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì jáde. Mo da ìyókù sí gọ́tà.

Wọ́n pe ìrun Màgàríbà, kò dìde. Ó ní òun ò lè fi ẹnu ọtí dúró níwájú Ọlọ́run. Mi ò rí i kó pa ìrun jẹ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ ẹ̀.

"Kí lò ń wò?" ó ní. "Ìwọ tó ò mu lónìí, lọ kírun."

Mo lọ ṣe àlùwàlá.