Fíríjì Tí Kò Ní Bàbá

Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú ni Nọ́ọ̀sì Florence Ṣọlágbadé máa ń fi omi iyọ̀ fọ kúlà wọn. Wọ́n á nu inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á fi ọmọ odó fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á wá tẹ́ tówẹ̀lì lé e lórí, kí ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára má baà fara kan yìnyín, nítorí òmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan tówẹ̀lì náà bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pè mí: "Akẹ́kọ̀ọ́, wá di etí kejì mú."

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èmi kọ́ ni mo di etí kejì mú. Mo ní ìdánwò. Nọ́ọ̀sì dá kúlà gbé, wọ́n sì ṣubú lulẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọlọ́kadà kan sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n ti fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣiṣẹ́ ní Okokomaiko. Kò sí iná. Afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń fà símú ti tán nínú sílíńdà. Wọ́n kú lọ́nà ilé ìwòsàn ńlá. Yìnyín náà yọ́ sójú títì.

Oṣù mẹ́rin péré rè é tí mo dé Ọ̀jọ́ láti Ìgànná wá kàwé. Ojú máa ń tì mí débi pé n kì í lè sọ fún kọ̀ńdọ́ pé mo fẹ́ bọ́lẹ̀. Mo máa ń ré ibùdókọ̀ mi kọjá, màá wá fẹsẹ̀ rìn padà. Nọ́ọ̀sì, tí a jọ ń gbé àgbàlá kan, ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀, kó kúkú bá àwọn gbé ẹrù. Bí mo ṣe di ẹlẹ́rù wọn nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Alhaji Tàjúdéènì tó ń ta ẹja inú yìnyín la ti máa ń ra yìnyín.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ tún ti dé! Ṣé abẹ́rẹ́ yín kò ní máa rùn bí ẹja báyìí?"

"Alhaji, ẹja tiyín ti kú tẹ́lẹ̀. Tèmi ni mi ò fẹ́ kó kú."

Alhaji á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi díẹ̀ ṣe ènì. "Ìjọba mélòó gan-an ló wà ní Nàìjíríà, tí nọ́ọ̀sì fi ń wá yìnyín wá sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja?"

"Mẹ́ta. Ẹ lọ ka pátákó ẹnu géètì wa."

Òótọ́ ni. Pátákó mẹ́ta ló wà lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn náà: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti kánsù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíríjì abẹ́rẹ́ ibẹ̀ bàjẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, kánsù ní owó àwọn há sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ní iṣẹ́ kánsù ni. Àbújá ní àwọn ti pín owó oṣù fún gbogbo wọn, kí Nọ́ọ̀sì lọ bi ẹni tó gbà á. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo bá Nọ́ọ̀sì tẹ lẹ́tà kẹta tí wọ́n kọ lórí rẹ̀.

Ní kíláàsì, olùkọ́ wa ya àwòrán roboto kan tó dúró fún owó ìlú, ó pín in sí mẹ́ta. Ìjọba àpapọ̀ mú èyí tó tóbi jù, ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e, kánsù gbẹ́yìn. Ó ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti pàṣẹ pé kí ti kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tààrà. Gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀. Ibo ni wọ́n ya ìyá tó pọn ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ sí nínú àwòrán yẹn? Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tí àìsàn ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an ni owó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?

Níbi ìsìnkú, aṣojú mẹ́ta dé, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba kọ̀ọ̀kan. Ti kánsù ní òṣìṣẹ́ àwọn ni olóògbé. Ti ìpínlẹ̀ ní abẹ́ àwọn ló wà. Ti Àbújá ní ọmọ Nàìjíríà rere ni. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Fíríjì kò ní bàbá, òkú wá ní bàbá mẹ́ta!

Ayọ̀bámi, ọmọ Nọ́ọ̀sì, kò dìde níbi tó jókòó sí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló ni fíríjì?"

Ọ̀kan wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọba, ohun tí mo ń béèrè kò le. Bí ẹ bá fẹ́ tún owó ìlú pín, ẹ pín iṣẹ́ mọ́ ọn. Ìjọba tí ẹ bá ní kó máa tọ́jú ilé ìwòsàn kékeré, ẹ jẹ́ kí owó iṣẹ́ náà dé ọwọ́ rẹ̀ láìgba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, kó sì máa lẹ iye tó gbà àti ohun tó fi ṣe mọ́ ẹnu géètì lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà, ẹ hú pátákó méjì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá kù níbẹ̀ la ó máa bi. Kí ẹ sì sọ fún wa, lórúkọ, ẹni tí lẹ́tà mẹ́ta Nọ́ọ̀sì Ṣọlágbadé kú sórí tábìlì rẹ̀.

Ọ̀la ni Ọjọ́rú. Àwọn ìyá ṣì ń bọ̀. Màá fi omi iyọ̀ fọ kúlà, màá ra yìnyín lọ́dọ̀ Alhaji, Ayọ̀bámi yóò di etí kejì mú, a ó sì gbé e fún nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó kù ní ilé ìwòsàn náà. Láti ibẹ̀, màá mú lẹ́tà kẹrin lọ sí kánsù, màá sì béèrè lókè ohùn pé ta ló ni fíríjì. N kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀ fún mi.