Táyà Tuntun Mi Dé Pẹpẹ

Gbogbo ìjọ ló rí ẹ̀yìn mi lónìí, èmi nìkan ni mi ò rí i.

Lánàá ni mo pààrọ̀ táyà kẹ̀kẹ́ ológeere mi sí èyí tó fẹ̀, tó léyín, torí ọ̀nà Dópẹ̀mú. Ọ̀dà díẹ̀, kòtò díẹ̀, ẹrẹ̀ ni ìyókù. Táyà ọ̀hún ò gba abẹ́ mọ́gáàdì, irin tó ń dá ẹrẹ̀ dúró lẹ́yìn ẹni. Mẹkáníìkì bá tú mọ́gáàdì kúrò.

Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, brọ́dà. Táyà yìí á máa gbá ilẹ̀ mú."

Òjò rọ̀ mọ́jú. Mo wọ sùtánà funfun, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo tan àbẹ́là lónìí, mo kọjú sí pẹpẹ, mo kọ̀yìn sí ìjọ. Mò ń gbọ́ tí ohùn àwọn akọrin ń gbọ̀n. Mo rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wọn.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Ìjọ pè mí. "Délé, ta ló fi ẹrẹ̀ fa ìlà láti ìdí rẹ dé ọrùn?"

"Táyà ni, mà. Wọ́n ní ó ń gbá ilẹ̀ mú."

Wọ́n tún wo ẹ̀yìn mi. "Ó gbá a mú lóòótọ́. Ó sì gbé e wá fún Olúwa."

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dá mọ́gáàdì padà ni, àbí kí n lọ rán sùtánà aláwọ̀ ẹrẹ̀?