Àyè Tí Àbúrò Mi Yóò Fi Dáhùn

Ìyá mi gbà pé kò sí ìlú tó jìn tó kí oríkì má lè dé ibẹ̀. Ohun tó kàn ṣòro, lójú tiẹ̀, ni bí a ó ṣe rí nǹkan gbé e lọ. Ìjọba ológun tó ń pe ara rẹ̀ ní Rẹfolúsọ̀n ti mú àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, lọ sí Rọ́ṣíà láti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo ní iṣẹ́ àgbẹ̀ o! Ọmọ Kétu, tí bàbá rẹ̀ fi àgbàdo àti ẹ̀pà tọ́ dàgbà, ni wọ́n kó lọ sí ibi tí yìnyín ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, kó lọ kọ́ bí a ṣe ń dáko. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀hún parí, kò wálé. Ó ní òun fẹ́ fi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun ṣì ń wò ó. Lẹ́tà rẹ̀ ń kúrú sí i, Faransé inú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, bí ẹni pé ọ́fíìsì ìjọba kan ló ń kọ̀wé sí ìkejì.

"Bó bá gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu mi," ni ìyá mi wí, "orí rẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dìde, á wálé. Ìwọ tó o kàwé, wá bó o ṣe máa gbé ẹnu mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, fisíìkì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì ní Kétu. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹlòmíràn ì bá yá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ aládùúgbò, kó gbé e síwájú ìyá rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́, kó parí. Èmi kọ́! Mo ní bí a ó bá ṣe é, bíi ti ilé rédíò la ó ṣe é.

Fadá òyìnbó kan tó padà sílùú rẹ̀ ti fi manyetó ńlá kan, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, sílẹ̀ fún ìjọ wa, irú èyí tí téèpù rẹ̀ ń ti orí àgbá kan yí lọ sórí ìkejì. Ìjọ ò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe, wọ́n wá ń fi í ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má gbá a. Mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n sì wá òkúta fi rọ́pò rẹ̀. Bẹ́líìtì inú rẹ̀ ti já. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dípò. Iná mànàmáná ò tíì dé ilé wa, torí náà bátìrì mọ́tò ni mo so ó mọ́. Mo kó àgbàdo ìyá mi kúrò nínú yàrá ìkẹ́rùsí lọ sí pálọ̀, àwọn eku náà sì bá ẹrù wọn lọ. Mo wá fi àpò òwú tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kó wá láti oko rẹ̀ ní Adakplamè tẹ́ gbogbo ògiri, kí ariwo ìta má baà wọlé.

Kò pẹ́ tí délégéè fi dé, ẹni tí Rẹfolúsọ̀n fi ṣe ojú àti etí rẹ̀ ládùúgbò wa.

"Ehuzu!" ló pariwo lẹ́nu ọ̀nà.

"Dandan!" ni mo dá a lóhùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ayé ti yí padà, dandan sì ni. Ọ̀nà tó lọ sí Pobè nìkan ni kò tíì gbọ́.

"Kámáráàdì Olùkọ́, wọ́n ní ẹ ń bá àwọn ìmpẹríálísìtì sọ̀rọ̀ nínú yàrá yìí."

"Ohùn ìyá mi ni mo fẹ́ gbà, ká fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀."

"Òwú yìí ńkọ́? Òwú tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ìjọba lẹ fi ń bo ògiri?"

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ́yìn yọ. Mo fà á jókòó síwájú mikró tí ẹ̀rọ náà fi ń gbọ́ ohùn, mo ní kó bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Olúwa ò! Ọkùnrin yìí bá àwọn olówò ẹrú, àwọn ọ̀lẹ àti àwọn àjẹ́ jà títí bátìrì fi fẹ́ kú. Nígbà tí mo jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀, ó fajú ro.

"Èyí kì í ṣe ohùn mi. Ohùn mi nípọn ju báyìí lọ. Ọwọ́ àwọn ìmpẹríálísìtì ti kàn án."

Mo fi ìka rọra dí àgbá náà lọ́wọ́ kó lè falẹ̀. Ohùn rẹ̀ nípọn bí ọkà.

"Hẹn-ẹn! Èmi gan-an nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, kò tún sọ nǹkan kan nípa òwú mọ́.

Ọjọ́ tí ìyá mi máa sọ tiẹ̀, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mikró.

"Ìyá, irin ni o."

"Mo mọ̀ pé irin ni. Ẹni tó máa gbé ẹnu mi dé òkèèrè, ṣé kí n má kí i ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹnì kan tó ń ti oko bọ̀ fi kígbe láti ìta pé, "Ẹ kú ilé o!" Òwú mi, tí mo rò pé ó ti dí ayé létí, jẹ́ kó wọlé wẹ́rẹ́. Ìyá mi já oríkì sọnù.

"Ẹ kú àbọ̀ o! Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣu yẹn ti ta?"

"Ìyá! Ẹ má dá wọn lóhùn mọ́!"

"Kí n gbọ́ kíkí kí n dákẹ́? Wọn á ní mo ti kú nìyẹn."

Báyìí la ṣe é. Gbogbo Kétu ló kọjá lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló kí wa. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju mikró nù. Ṣùgbọ́n nígbà tó pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ olóko tí ẹyẹ ń bẹ̀ kó tó jẹ, tí ohùn rẹ̀ sì wá sílẹ̀ bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí, omi bọ́ lójú mi. Mo jowú àbúrò mi díẹ̀ pẹ̀lú, kí n má purọ́.

Mo wá mú abẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé téèpù. Mo gé àwọn kíkí kúrò, mo gé adìẹ kúrò, mo gé ikọ́ kúrò. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìyá mi a máa dákẹ́, a wolẹ̀ lẹ́sẹ̀ mikró, kó tó máa bá a lọ. Ilé rédíò kì í fi téèpù ṣòfò báyẹn. Mo gé gbogbo rẹ̀ dànù. Oríkì náà wá ń sáré geere, kò sí ibi tó ti ń mí. Mo ní ó ti dára. Mo pe ìyá mi wá gbọ́.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

"Ibo ni ọmọ mi máa gbà dáhùn?"

Háà! Nílé wa, a kì í ki ọmọ kó dúró máa wòran. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ló máa wà, gbólóhùn kan, "Ìyá mi", gbólóhùn kejì, "Ìyá mi." Ìyá kì í sún síwájú bí ọmọ kò bá tíì dáhùn.

"Mo dúró dè é níbẹ̀," ni ìyá mi wí, "ìwọ wá sọ ọ́ di ẹni tí kò sí nílé."

Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣa àjákù téèpù nílẹ̀, mo ń lẹ̀ wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Délégéè yọjú.

"Kí ló wà lórí ìwọ̀nyẹn, Kámáráàdì?"

"Kò sí nǹkan kan lórí wọn."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń lẹ̀ wọ́n?"

Mo tún mú àjákù mìíràn, mo lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo parí, ìyá mi ní kí n gba ọ̀rọ̀ méjì kún un ní ìparí. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ mi?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Ṣé wàá padà wálé wá bá mi?" Ó dákẹ́, ìyẹn sì pẹ́ gan-an. Mo padà lọ yá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì aládùúgbò, mo dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, a fi rán akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń lọ sọ́hùn-ún.

A dúró títí tí àgbàdo fi gbó. Táksí tó bá ti Kútọnu dé, ìyá mi á dìde. Èmi ní tèmi, stúdíò ti wọ̀ mí lára. Mo lọ ra dùùrù kékeré kan lọ́jà Ìlárá, ike ni, ti ayé òde òní, oní-díjítà. Bó o bá sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, á gbé e mì, bí kò bá ti gùn ju ìmí ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bó o bá wá tẹ bọ́tìnnì, á pọ̀ ọ́ padà fún ọ. Mo gbó sínú rẹ̀ bí ajá, ó gbó padà. Ohun tí mo fi ṣe kò ju báyẹn lọ.

Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì èsì dé. Àbúrò mi ti gbé rédíò kan tó ń sọ ohùn ìyá wa sápá kan, ó gbé òmíràn tó ń gbà á sápá kejì, ó wá jókòó sáàárín, ó ń dáhùn. Mo sọ fún ìyá mi pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá òwú, mo ń dà á sórí téèpù manyetó.

"Ìyá mi" àkọ́kọ́ kò dún sókè. Ẹ̀ẹ̀kejì dán díẹ̀. Nígbà tí oríkì dé àárín, ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó ń sunkún. "Ṣé o gbọ́ mi?" "Hẹn, Ìyá mi."

"Ṣé wàá padà wálé wá bá mi?"

Kò sí ohùn. Àga dún. Lọ́ọ̀ọ́kán, obìnrin kan sọ nǹkan ní èdè ibẹ̀, ọmọdé kan sì rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀. Rédíò ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe kẹ́kẹ́, ó kú.

Mo jókòó. Ìyá mi ń kan ilẹ̀kùn. Mo fa dùùrù kékeré náà mọ́ra, mo jẹ́ kó gbé "Hẹn, Ìyá mi" mì. Mo gé obìnrin àti ọmọdé náà kúrò, mo fi ìdáhùn yìí sí àyè tó ṣófo. Mo wá ṣílẹ̀kùn.

Ìyá mi gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń mi orí. Nígbà tí ìdáhùn ìkẹyìn dún, ó ṣíwọ́.

"Ọmọ mi kì í dáhùn bákan náà lẹ́ẹ̀mejì," ló wí. "Kí lo fi ṣe é?"

N kò lè purọ́ fún un. Mo gbé dùùrù náà síwájú rẹ̀, mo fi bọ́tìnnì hàn án. Mo rò pé á bú mi. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ inú ilé sọ̀rọ̀.

"Ṣé wàá padà wálé wá bá mi?"

Ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Hẹn, Ìyá mi."

Ó tún béèrè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo jáde, mo fa ilẹ̀kùn dé, mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀.