Àwòrán Tí Màámi Fi Bébà Bò

Mo rí àwòrán tí màámi ò fẹ́ kí n rí lónìí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Jakande, wọ́n fi ẹ̀kọ tútù lẹ bébà bo ojú ìwé kan nínú ìwé ìtàn iwin òyìnbó tí bàámi fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ tí wọn ò padà mọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù á bà mí.

Bàbá kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Bọ́ládé ló ní irú ìwé yẹn, mo sì ṣí i dé ojú ìwé ọ̀hún.

"Àǹtí, ojú kan lẹ ti ń wò látàárọ̀. Ṣé ẹ máa rà á?"

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ ní sùúrù."

Nínú àwòrán náà, obìnrin kan ló dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú àtùpà. Àlàyé wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀: ọkọ rẹ̀ tí kò padà wálé ló ń retí.

Iwin kọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni màámi máa ń dúró lójú fèrèsé wa lálaalẹ́.

Màámi ò sí láyé mọ́ kí n bi wọ́n bóyá bàámi ni wọ́n ń retí. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà, kí lẹ máa bi wọ́n lónìí?