Ìyàwó Wa Tó Ń Lọ Aṣọ Lọ́sàn-án

Bí mo bá gbóòórùn aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí. Nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ẹdẹ, áyọ́ọ̀nù oníná ló fi ń lọ aṣọ àwọn tíṣà jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti búra pé bí owó iná bá tún ga, òun á ní kí wọ́n gé e.

Àwọn oníná ní owó iná ọ̀sán kéré sí ti ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ìlú ń tanná. Ìyàwó wa á kọ́kọ́ lọ aṣọ tó nípọn. Kó tó di aago mẹ́rin tí owó ọ̀sán ń parí, á paná, á sì fi ooru tó kù lọ gèlè àti áńkáṣíìfù. Ẹnu a máa yà mí.

Lọ́jọ́ kan, ó ń wọ́n omi sí aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ké: "Ọkọ mi, ẹ bá mi paná, aago mẹ́rin ti fẹ́ lù!"

Èmi tí mo ń dá nìkan lọ oko Alájùé, ọmọ orógùn ni mo nà sí suwíìṣì, mo dijú.

"Akínkanjú ọkọ mi! Kò ní bù yín jẹ o!"

Nígbà tí ìwé owó iná dé, ẹ̀gbọ́n mi kà á lẹ́ẹ̀mejì: owó náà kò ga. Ó bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀, ó gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Bó bá di ọ̀sán ọ̀la, bá mi lọ èyí."